Ẹ̀bi Tí Ọdúnayọ̀ Bá Gàfárì Rù

Kò sí ẹni tó mọ Gàfárì ọmọ Làsísì alápatà ní Oko Ọba tí yóò pè é lójo. Ọmọ tó ti ń di ìwo màlúù mú láti kékeré, tó ń ti ibi ìpẹran lọ sílé-ìwé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ létí ṣòkòtò, tó sì tún ń gba ipò kìíní, ta ni yóò pe irú rẹ̀ lójo? Ṣùgbọ́n Gàfárì mọ ohun tí aráyé kò mọ̀. Ó mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, nílẹ̀ òkèèrè, òtítọ́ há òun lọ́nà ọ̀fun bí egungun ẹja, òun sì gbé e mì. Ọmọbìnrin tí òun fẹ́ràn jù láyé ló jìyà rẹ̀.

Ọdún 1990 ni. Gàfárì wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, ó ń kọ́ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí. Ìgbà SAP ni, oúnjẹ ń wọ́n, àwọn olùkọ́ ń yanṣẹ́ lódì, ìjọba ológun sì ń ti ilé-ẹ̀kọ́ pa bó ṣe wù wọ́n. Dípò kó jókòó sílé, ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan tó ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣiṣẹ́ ìlera ọ̀fẹ́ ní àwọn abúlé Togo. Abúlé kan tí kò jìnnà sí Atakpamé ni wọ́n kó wọn lọ, níbi tí èdè àwọn ará ibẹ̀ ti jọ Yorùbá bí ọmọ ìyá méjì tí wọn kò tọ́ pọ̀. Wọn yóò sọ̀rọ̀, ẹ ó gbọ́ díẹ̀, ẹ ó máa méfò ìyókù.

Ibẹ̀ ló ti pàdé Ọdúnayọ̀. Ọmọ Onígbòǹgbò ni, yunifásítì kan náà ni wọ́n jọ wà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lòun ń kọ́. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n débẹ̀, Gàfárì ń fi han àwọn ìyá ọmọ bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ọwọ́ rẹ̀ kún nínú iyọ̀. Ọdúnayọ̀ tọ́ ọ wò, ó tutọ́ dànù.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé omi ọmọ lẹ ń pò ni àbí èyí tí wọ́n fi ń pa awọ mọ́?"

"Ọmọ alápatà ni mí. Awọ ni mo mọ̀."

"Ó mà hàn o!" Ó gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó po òmíràn, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ibi tí a bá ti rí ọ̀kan la ó ti rí èkejì. Nígbà tó fi máa pé oṣù kan, Gàfárì kò lè mú un mọ́ra mọ́. Wọ́n ń fa omi lọ́wọ́ nídìí kànga ló bá ní, "Bí a bá délé, màá wá rí bàbá yín."

"Kí lo fẹ́ rí wọn fún? Wọn kì í ta màlúù."

"Wọ́n ní nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ tọrọ."

Ọdúnayọ̀ gbé omi rẹ̀ rù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó ti rìn jìnnà kó tó yíjú padà. "Kó o wá lọ́jọ́ Àìkú o, lẹ́yìn ìsìn. Inú wọn máa ń dùn nígbà yẹn."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe dùn tó kó tó kan firíìjì.

Firíìjì tí wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára sí, kẹrosíìnì ló ń lò, nítorí kò sí iná mànàmáná lábúlé. Ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń rọ kẹrosíìnì sí i, tí wọ́n sì ń kọ bó ṣe tutù sí sínú ìwé tó wà lára ògiri. Wọ́n pín ọjọ́ fún ara wọn. Ti Ọdúnayọ̀ ni ọjọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Keje, ìrọbí mú obìnrin kan, kò sì rí ọmọ náà bí. Ọdúnayọ̀ ní láti tẹ̀ lé e lọ sí ilé-ìwòsàn ìlú.

"Gàfárì, jọ̀ọ́, bá mi tọ́jú firíìjì o."

"Máa lọ. Fi í sílẹ̀ fún mi."

Kò tíì ju wákàtí kan lọ tí ó lọ tí Ràsákì, ọ̀rẹ́ Gàfárì tí wọ́n jọ wá, fi gbé alùpùpù dé. Kamẹrúùnù fẹ́ bá Íńgílàǹdì gbá bọ́ọ̀lù, ilé kan sì wà nílùú tí telifíṣọ̀n wà. Gàfárì fò sẹ́yìn alùpùpù. Wọ́n pariwo títí ohùn fi há, wọ́n pàdánù, wọ́n padà wá sùn pẹ̀lú ìbànújẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ló rántí. Ó sáré lọ ṣí firíìjì, ooru kí i lójú bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìdérí ìkòkò. Iná rẹ̀ ti kú tipẹ́.

Ó rọ kẹrosíìnì, ó ṣáná sí i. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ti tutù padà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ooru náà kò lè ba abẹ́rẹ́ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kòkòrò àìfojúrí ni, ó mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa fún ara òun.

Nígbà tí Ọdúnayọ̀ dé, ó bi í pé, "Ṣé o rọ kẹrosíìnì?"

"Mo rọ ọ́."

Lójú ara rẹ̀, kò purọ́. Òwúrọ̀ ló kàn rọ ọ́. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú wọ́n fún ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ní abẹ́rẹ́ èéyi. Gàfárì fúnra rẹ̀ ló ń di àwọn ọmọ náà mú.

Kò pé oṣù kan tí èéyi fi wọ abúlé. Ọmọ méje ló mú nínú àwọn tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó wọ ojú òsì Afi, ọmọ ọdún mẹ́rin kan, ojú náà kò sì ríran mọ́. Dókítà àgbà tó jẹ́ alábòójútó wọn wá láti Lomé. Ó yẹ firíìjì wò, ó yẹ ìwé ara ògiri wò, ó rí i pé àyè ọjọ́ Àìkú kan ṣófo. Ó pe gbogbo wọn jọ sábẹ́ igi máńgòrò.

"Ta ló ni ọjọ́ yìí?"

Ọdúnayọ̀ wo Gàfárì. Ó wò ó pẹ́. Ó ti yé e. Gàfárì rí i lójú rẹ̀ pé ó ti yé e. Gàfárì ronú nípa bàbá rẹ̀ àti gbogbo Oko Ọba tó ń pè é ní dókítà láti ọjọ́ tó ti wọ yunifásítì, ó ronú nípa ìwé ẹ̀rí tó ku ọdún kan àbọ̀. Ó wo ilẹ̀.

"Èmi ni, sà," ni Ọdúnayọ̀ wí.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo gbàgbé."

Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n gbé e padà. Gàfárì dúró lẹ́yìn ilé, ó rí i bó ṣe ń gbé báàgì rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ó rí i bó ṣe ń wẹ̀yìn. Ó ń wẹ̀yìn títí ọkọ̀ fi yà níkòríta.

* * *

Ọdún méjì kọjá. Gàfárì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ oògùn kan ní Ìkẹjà. Ti Ọdúnayọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà láti Togo ti dé yunifásítì, wọ́n sì ti lé e kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Gàfárì kọ lẹ́tà sí i, ẹ̀ẹ̀mẹta ló fà á ya. Bí ọkọ̀ bá gbé e kọjá ní Onígbòǹgbò, a máa tẹrí ba bí ẹni tó ń wá nǹkan lẹ́sẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń kọjá níwájú ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan. Aago méjì lù, àwọn òṣìṣẹ́ òwúrọ̀ ń jáde. Àwọn obìnrin náà tò sẹ́nu géètì, wọ́n ń na ọwọ́ méjèèjì sókè kí ẹ̀ṣọ́ lè tú ara wọn wò, bóyá wọ́n jí bisikíìtì. Ẹnì kẹrin nínú wọn ni Ọdúnayọ̀. Ẹ̀ṣọ́ tẹ̀ ẹ́ légbẹ̀ẹ́, ó tú gèlè rẹ̀ wò, ó ní kó máa lọ.

Ojú ti Gàfárì bí ẹni pé òun ni wọ́n tú láṣọ. Ó kọ́kọ́ fẹ́ sá. Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ ẹnu géètì.

"Ọdúnayọ̀."

Ó yíjú. Kò pariwo, kò bínú. "O ti rù," ló sọ.

"Kí ló dé tó o fi sọ pé ìwọ ni?"

"Torí orúkọ mi ló wà nínú ìwé. Àti torí mo rò pé wàá sọ̀rọ̀." Ó ń tún gèlè rẹ̀ wé bó ṣe ń sọ ọ́. "Mo ní, Gàfárì ń kó ọ̀rọ̀ jọ ni, á sọ̀rọ̀ kí n tó palẹ̀ mọ́. Mo palẹ̀ mọ́ tán, mo ní, á sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí. Ọkọ̀ ṣí, mo ní, á sáré tẹ̀ lé wa. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wẹ̀yìn títí a fi dé Lomé."

Gàfárì ní, "Ṣé o kórìíra mi?"

"Mo gbìyànjú ẹ̀. Kì í pẹ́ lọ́wọ́ mi."

Lọ́jọ́ kejì, Gàfárì tún wà lẹ́nu géètì náà ní aago méjì. Lọ́jọ́ kẹta bákan náà. Àwọn obìnrin ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "Ọkọ Aago Méjì." Oṣù mẹ́fà gbáko ló fi ń sìn ín dé ibùdókọ̀ kí Ọdúnayọ̀ tó gbà kí wọ́n jọ jókòó, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú. Àdéhùn kan ṣoṣo ló bá a ṣe.

"Má sọ fún bàbá mi. Bí wọ́n bá mọ̀, o ò ní dé ẹnu ọ̀nà wọn láéláé. Mo ti rù ú, ó ti mọ́ mi lọ́rùn."

Gàfárì gbà. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ bó ṣe gbà. Nígbà tó dé yàrá rẹ̀ ló bi ara rẹ̀ léèrè pé irú èèyàn wo ni ọkàn rẹ̀ máa fúyẹ́ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

* * *

Nígbà tó sọ ọ́ nílé, ìyá rẹ̀ ká ọwọ́ lérí.

"Ọmọ Aládùúrà? Ó dáa, ẹ̀sìn ò pààyàn. Ṣùgbọ́n ṣebí òun ni wọ́n lé wálé láti ìlú onílùú? Tó fọ́ ojú ọmọ ọlọ́mọ? Àbdùlgàfár, bó bá bí tìẹ, ta ni yóò máa ṣọ́ ọ fún ọ?"

Gàfárì ya ẹnu. Ó tún pa á dé. "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Màámi," ni gbogbo ohun tó lè sọ.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ta pọ̀nmọ́, ló gba iṣẹ́ alárinà. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ alápatà lọ ni. Ó bẹ Ìyá Gàfárì títí ìyẹn fi ní òun yóò tẹ̀ lé wọn lọ, ṣùgbọ́n òun kò ní rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lọ sí Onígbòǹgbò lọ́dọ̀ Bàbá Àkànjí, bàbá Ọdúnayọ̀. Nígbà tó ti ẹ̀ẹ̀kẹrin dé, kò ṣàwàdà bó ṣe máa ń ṣe.

"Wọ́n gbà o. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìmàle àti ìgbàgbọ́ ni wọn yóò bá mi fà. Rárá. Bàbá yẹn sunkún, Gàfárì. Ó ní òun ò mọ̀ pé ẹnì kan á tún yíjú sọ́mọ òun."

* * *

Ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn ni àwọn ìdílé méjèèjì jókòó pọ̀ ní pálọ̀ Bàbá Àkànjí. Ó ti ṣiṣẹ́ ogún ọdún ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan kí wọ́n tó dá wọn dúró nígbà SAP, ikọ́ ṣì wà láyà rẹ̀ láti ara eruku òwú. Ó wọ sùtánà funfun. Wọ́n ti kíra, wọ́n ti gbàdúrà lọ́nà méjèèjì, Ọdúnayọ̀ ti jáde wá kúnlẹ̀. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bàbá náà gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́." Ó dìde, ó kọjú sí Gàfárì. "Ìwọ wà níbẹ̀. O fojú ara rẹ rí ohun tí ọmọ yìí ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ. Èmi tí mo bí i, ọdún mẹ́ta nìyí tí n kò jẹ́ kó dúró láàárín àwọn akọrin. Mo ní kó máa jókòó lẹ́yìn. Ìwọ tó o mọ gbogbo rẹ̀, o ní o ṣì fẹ́ ẹ. Ọmọ mi, èèyàn ni ọ́. Ọlọ́run yóò bá mi san án fún ọ."

Gbogbo ilé ṣe àmín. Ìyá Gàfárì ṣe é jù wọ́n lọ, ó ń fi orí júwe sí ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé ó ní, ṣé o gbọ́? Gàfárì wo Ọdúnayọ̀. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó mi orí náà lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ báyìí: má ṣe é.

Gàfárì dìde.

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, sà."

"Ìtìjú ọkọ ìyàwó," ni Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ wí, ó ń fa agbádá rẹ̀. "Jókòó."

Kò jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí kò lè wo ojú ẹnì kan. "Èmi ni. Ó fi firíìjì sílẹ̀ fún mi, mo lọ wo bọ́ọ̀lù. Iná kú. Mo mọ̀ kí wọ́n tó gún àwọn ọmọ náà lábẹ́rẹ́, mo dákẹ́. Wọ́n béèrè, mo dákẹ́. Wọ́n gbé e lọ, mo sá sẹ́yìn ilé. Ọdúnayọ̀ kò mọ ohunkóhun níbẹ̀."

"Tún un sọ," ni Bàbá Àkànjí wí.

Ó tún un sọ. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Bàbá náà yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò béèrè, sà. Ẹ kàn ní kí n lọ jókòó lẹ́yìn."

Bàbá Àkànjí wá ìjókòó bí afọ́jú, ó jókòó. Ìyá Gàfárì ti fi ìborùn bojú. Làsísì alápatà, tí kò tíì sọ gbólóhùn kan láti àárọ̀, dìde. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ojú ń tì mí."

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà kí bàbá náà tó pe Gàfárì padà. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Gbogbo ibi tí wọ́n ti gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ yìí lórúkọ ọmọ mi, lọ sọ ọ́ lórúkọ ara rẹ. Títí tó o fi ṣe é tán, má wá síbí."

Ọdúnayọ̀ bá a níta. Inú ń bí i, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ní kó o má sọ ọ́!"

"N ò lè gba ọpẹ́ yẹn."

"Ìgbà tí mo fẹ́ kó o sọ̀rọ̀, o dákẹ́. Ìgbà tí mo ní kó o dákẹ́, o sọ̀rọ̀." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

* * *

Gàfárì kọ lẹ́tà sí yunifásítì, ó kọ sí ẹgbẹ́ tó kó wọn lọ, ó sì sọ fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ọ̀gá náà gbọ́ ọ tán, ó ní, "A ò lè fi oògùn aráyé sí ọ lọ́wọ́." Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí Oko Ọba ń pè ní dókítà padà sí Oko Ọba, ó wọ bàtà rọ́bà, ó ń fọ ìfun màlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn ń káàánú rẹ̀, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Làsísì kò bá a wí, kò sì tù ú nínú. Ó kàn ń na ọ̀bẹ sí i.

Ó ku ibì kan. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà dé, ó lọ sí abúlé náà ní Togo. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá Afi, ó sọ ọ́ pẹ̀lú Yorùbá àti ìwọ̀nba èdè wọn tó gbọ́. Obìnrin náà ń bó gbágùúdá, kò dáwọ́ dúró.

"Ọmọbìnrin yẹn ti ń bẹ̀ mí láti ọjọ́ yìí," ló sọ. "Ọdọọdún ló ń kọ̀wé, ó ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí Afi. Kò sọ ọ́ rí pé kì í ṣe òun."

Gàfárì kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó rò pé òun ti dé ìsàlẹ̀ ìtìjú òun. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ó ṣì jìn.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe fún ọ?" ni obìnrin náà bi í.

Afi ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ojú tó ríran lè rí i dáadáa. Gàfárì dìde, ó bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò padà.

Yunifásítì gba Ọdúnayọ̀ padà. Ìyanṣẹ́lódì fà á gùn, ṣùgbọ́n ó parí rẹ̀ lọ́dún 1996, ó sì di nọ́ọ̀sì. Láàárín gbogbo ìgbà náà Gàfárì kò lọ sí Onígbòǹgbò. Ó ń gbọ́ ìròyìn láti ẹnu Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, a máa ṣe bí ẹni pé òun kò béèrè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ agbada omi, ìfun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rí bàtà funfun méjì lórí ilẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀. Ó gbójú sókè. Ọdúnayọ̀ ni, nínú aṣọ nọ́ọ̀sì.

"Bàtà rẹ á bàjẹ́," ni Gàfárì wí.

"Ó ti bàjẹ́." Ó wo àyíká, ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ìyá Afi ní kí tíṣà bá òun kọ̀wé sí mi. Ó pẹ́ tí mo ti rí i gbà. Ó ní o wá."

"Mo lọ."

"O ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń yangàn."

Màlúù kan ké lẹ́yìn wọn. "Bàbá mi ní kí n bi ọ́ bóyá o ṣì mọ ọ̀nà Onígbòǹgbò."

Gàfárì gbé ìfun náà sílẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ fẹ́ bi mí?"

"Èmi fúnra mi ni mo la ẹ̀jẹ̀ yìí kọjá wá síbí," ni Ọdúnayọ̀ wí.

Kọ́ọ̀tù Ìkẹjà ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, kí mọ́ṣáláṣí àti ìjọ má baà bá ara wọn jà. Ìyá Gàfárì kúnlẹ̀ fún ọmọbìnrin náà ní gbangba, ìyẹn sáré gbé e dìde. Bàbá Àkànjí bọ Gàfárì lọ́wọ́, kò sì tún dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ síwèé tán tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Gàfárì bi ìyàwó rẹ̀ ní ìbéèrè tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún méje.

"Ọdúnayọ̀, ṣé o ti dárí jì mí?"

Ó rò ó dáadáa, nítorí kì í ṣe ẹni tó ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

"Mo ti fẹ́ ọ," ló sọ, ó sì fi ọwọ́ kọ́ ọ lápá. "Ìdáríjì ń bọ̀ lẹ́yìn. Yóò bá wa nílé."